Ọjọ́ àṣà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọ mẹ́ta, owó ò tó: ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíá. Súkúù àwọn ọmọ mi fi lẹ́tà ránṣẹ́ lánàá pé àwọn fẹ́ ṣe Cultural Day kí ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, tó dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní ńbẹ̀. Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Táíwò ọkùnrin ló máa ṣe ọba nínú eré kíláàsì wọn, Kẹ́hìndé obìnrin ló máa ṣe olorì, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló máa ṣe ìyálọ́jà. Wọ́n tún ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ìbílẹ̀ dání tí ogún ọmọ máa tọ́ wò. Mo lọ bá táílọ̀ àdúgbò, ó ní 18,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ nìkan nìyẹn o, kò tíì kan aṣọ. Mo kàn dúró síbẹ̀ ni, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀. Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni mò ń jáde nílé, ó máa ń tó aago méje alẹ́ kí n tó wọlé, bàbá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ nílùú míì, òpin oṣù ló ń wálé. Mi ò fẹ́ kí ojú ti àwọn ọmọ mi láàárín ẹgbẹ́ wọn, mi ò sì fẹ́ jẹ gbèsè nítorí aṣọ ọjọ́ kan. Kí lẹ̀yin máa ń ṣe?

Ìyá Wálé, Òṣogbo
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má rán nǹkan kan. Ẹ lọ ṣí àpótí yín. Aṣọ òkè tẹ́ ẹ fi ṣègbéyàwó ńkọ́? Inú ẹ̀ ni aṣọ àwọn ọmọ yín wà. Gèlè aṣọ òkè tí àgbàlagbà ń wé, fífẹ̀ ẹ̀ ló máa jẹ́ gígùn ìró fún ọmọ ọdún mẹ́fà, láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ kàn máa yí i ká lára ẹ̀ bíi ìgbà mẹ́ta ni. Ẹ má gé e o! Aṣọ yín ṣì ni, ẹ ṣì máa wé e lọ òde. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa yọ rọ́bà lára ṣòkòtò tó ti gbó, mo máa fi di ìbàdí ọmọ lórí ìró yẹn, mo wá máa ká etí ìró wá sórí rọ́bà kó má hàn, mo máa fi píìnì méjì dè é mọ́ ṣòkòtò péńpé tó wọ̀ sábẹ́. Ọmọ á sáré, á jó, kò ní bọ́. Ìgbà tí mi ò tíì mọ èyí, ìró ọmọ mi bọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń jó níwájú àwọn òbí, ó sunkún délé, ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀gbọ́n wọn ní tiẹ̀ ti ga, gèlè ò ní tó o, ìró yín gan-an ni kẹ́ ẹ ká sí méjì fún un. Ìborùn lórí èjìká, pọ́ọ̀sì yín lọ́wọ́, ìyálọ́jà ti dé nìyẹn.

Ìyàwó Táílọ̀, Ṣakí
Òótọ́ ni màmá wí. Èmi náà ń ránṣọ, mi ò sì ní bínú táílọ̀ yẹn torí òwú, epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ti gbówó lórí, ṣùgbọ́n aṣọ ọba ọmọdé ò gbọdọ̀ pa yín lára.

Ẹ wá bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì òkìríkà kan, èyí tó ní àwọ̀ tó wúwo, àwọ̀ wáìnì tàbí búlúù. Ẹ jẹ́ kí Táíwò na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ẹ wọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́ kan dé ìkejì, fífẹ̀ agbádá nìyẹn. Ẹ wọ̀n láti èjìká dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì, gígùn ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ká a sí méjì, ẹ da sọ́sà ife tíì dé àárín gbùngbùn ibi tẹ́ ẹ ti ká a, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, ẹ gé e, ẹ wá là á wálẹ̀ níwájú bíi ínǹṣì mẹ́ta kí orí lè wọlé. Ó ti parí o. Ẹ máa ká ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì sórí èjìká bí àgbà ṣe ń ṣe. Ẹ kàn fi ọwọ́ rán etí ọrùn ẹ̀ kó má baà tú. Táíwò lè wọ T-shirt funfun àti ṣòkòtò súkúù sábẹ́, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Fìlà ńkọ́? Ẹ má dán abetí ajá wò, ó nílò ọwọ́. Gọ̀bì ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ fi téèpù wọn orí ọmọ yíká, orí ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń tó bíi ínǹṣì 20 sí 21, ẹ fi ínǹṣì kan kún un fún rírán. Kí gíga ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́wàá. Ẹ rán an bíi àpò tí ò nísàlẹ̀, ẹ wá rán òkè ẹ̀ pa gbọọrọ, ẹ yí i padà, ẹ dé e sí i lórí, ẹ gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní jíǹsì bàbá wọn tó ti ya, itan jíǹsì yẹn ti jẹ́ fìlà tẹ́lẹ̀, òkè ẹ̀ nìkan lẹ máa rán pa. Tó bá jẹ́ aṣọ òkè lẹ fẹ́ fi ṣe é, ẹ bi táílọ̀ yín bóyá ó ní àjákù, àpò àjákù tí wọ́n máa ń kó dànù wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo táílọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Háà! Itan jíǹsì! Mo ti dìde lọ wo ẹ̀yìn wọ́dìróòbù báyìí. Ẹ ṣé gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀ ọba ńkọ́? Àti ìrùkẹ̀rẹ̀? Mo rí ọ̀kan lọ́jà, owó tó pè é, mo dá a padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àǹtí Tíṣà, Abẹ́òkúta
Ìrùkẹ̀rẹ̀ wà ní kíṣìnì yín o. Àpò ìrẹsì! Àpò tí wọ́n fi ọ̀rá hun yẹn. Ẹ gé etí rírán ẹ̀ kúrò, ẹ gé e ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú ẹ̀ yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ ju kí wọ́n máa wo fóònù lọ, kíláàsì mi jókòó jẹ́ẹ́ fún odindi wákàtí kan nídìí àpò ìrẹsì. Tẹ́ ẹ bá ti ní ẹ̀kún ọwọ́ méjì, ẹ so orí ẹ̀ mọ́ igi kékeré tó tó ọwọ́ mú, èyí tó bá ṣẹ́ lára ọ̀pá ìgbálẹ̀ náà dáa, ẹ fi òwú dì í le, ẹ wá fi aṣọ pupa wé ibẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi kóòmù tó ti kán eyín ya á. Àwọn òwú yẹn á tú, á fẹ́lẹ́, á máa mì lẹ́lẹ́ bíi ìrù ẹṣin gidi.

Ìlẹ̀kẹ̀: ẹ mú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, ìwé ẹ̀ dán, ó sì le díẹ̀. Ẹ gé e sí onígun mẹ́ta tó gùn, kí ìdí ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì kan, kó gùn tó ínǹṣì mẹ́wàá. Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé yẹn mọ́ ọn láti ibi tó fẹ̀, ẹ kàn máa fà á le bẹ́ ẹ ṣe ń ká a lọ, tó bá ku díẹ̀ kó tán ẹ fi gọ́ọ̀mù kàn án lẹ́nu. Ẹ fa ìgbálẹ̀ yọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kan nìyẹn, ó wú láàárín, ó tín-ínrín létí méjèèjì. Fún ọba, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, tó bá gbẹ, ẹni tó bá dúró lókèèrè á rò pé iyùn ni. Ọgọ́ta ẹyọ ti tó fún ọrùn àti ọwọ́ ọmọdé. Ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan o, ogún lálẹ́ kan, lẹ́yìn iṣẹ́ àmúrelé wọn, alẹ́ mẹ́ta ó ti parí. Ẹ ṣí fèrèsé torí òórùn kútẹ́ẹ̀sì.

Ohun kan tí mo fẹ́ kìlọ̀: ẹnì kan máa sọ pé kẹ́ ẹ pa T-shirt láró nílé kó dà bí àdìrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́síìkì sódà wà nínú aró tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, ó máa ń bó èèyàn lára, kì í ṣe nǹkan ọmọdé rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àdìrẹ, kí àwọn ọmọ fi iko (raffia) tàbí òwú di aṣọ funfun wọn nílé, òkúta wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé e fún aláró kó bá yín rì í. Níhìn-ín ní Ìtòkú, bí wọ́n ṣe ń ṣe oníko nìyẹn látayébáyé, dídì ni iṣẹ́, ọmọ sì lè dì í.

Màmá Tèmi, London
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Níbí, àwa náà ní tiwa. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta ni World Book Day, gbogbo ọmọ ló máa múra bí ẹ̀dá inú ìtàn, àwọn supamákẹ́ẹ̀tì á ti to aṣọ rẹpẹtẹ síta láti oṣù kejì. Lọ́dún kan, owó ò sí lọ́wọ́ mi rárá, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo wá pe ọmọ mi mo ní ṣé o máa ṣe Ìjàpá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A gé kátọ̀n tí wọ́n fi kó iṣu wá láti Peckham, a kùn ún, a fi sẹ̀lótéèpù ya ìlà sí i bí ibi tó fọ́, a fi okùn báàgì àtijọ́ so ó mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí tíṣà bi í pé kí ló dé tí igbá ẹ̀yìn ẹ̀ fi fọ́, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ni, Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, bó ṣe bá àwọn ẹyẹ lọ sóde lọ́run tó sì jábọ́. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ láti gbọ́. Tíṣà yẹn fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, mo ṣì tọ́jú ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìyá Ìbejì, ẹ kọ́ Táíwò ní ohun tó máa sọ. Kó mọ ìdí tí ọba fi ń mú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí ọba, kó sì mọ oríkì ẹ̀. Ìyẹn ò gba kọ́bọ̀.

Ìyá Rẹ̀mí, Ìlọrin
Ṣé kò ní rọrùn kẹ́ ẹ kàn lọ háyà aṣọ? Èmi ti háyà rí, n kì í parọ́, ó gbà mí lọ́wọ́ wàhálà lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì ọmọ mi da ẹ̀wà sí i, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ò dá owó tí mo fi dógò padà, kò sì fetí sí ẹ̀bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa háyà, ẹ ya fọ́tò gbogbo ara aṣọ náà níwájú ẹni tó ni ín kẹ́ ẹ tó gbé e, tojú tẹ̀yìn.

Bàbá Kòfo, Ọ̀yọ́
Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá. Ìyàwó mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Ẹ má wulẹ̀ ṣe adé onílẹ̀kẹ̀ tó bo ojú fún ọmọ yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀, ó sì ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ tó fi yẹ kéèyàn bọ̀wọ̀ fún un. Fìlà gọ̀bì tí wọ́n ṣàlàyé yẹn ti tó. Ẹ wá ewé akòkò méjì, ẹ fi há ẹ̀gbẹ́ fìlà lápá ọ̀tún. Ewé akòkò ni wọ́n ń fi joyè nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá mọ àṣà tó bá rí i á mọ̀ pé ìyá ọmọ yìí mọ ohun tó ń ṣe. Igi akòkò pọ̀ ní àgbàlá àwọn ilé àtijọ́, ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà tó wà ńbẹ̀.

Kí bàbá wọn náà pe àwọn ọmọ lórí fóònù lálẹ́ kó kọ́ wọn ní oríkì. Ó lè ṣe ìyẹn láti ibi tó wà.

Ìyá Ìjẹ̀bú
Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, fara balẹ̀. Mo ti tọ́ ọmọ méje, àwọn ọmọ-ọmọ ló kù tí mò ń bá ṣe. Jẹ́ n bá ẹ sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Má gbé ọbẹ̀ lọ súkúù. Ọbẹ̀ á dà sí aṣọ òkè, àmàlà á ti tutù kó tó kàn wọ́n. Ohun gbígbẹ ni kó o gbé. Àádùn! Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ra ìyẹ̀fun àgbàdo ife mẹ́rin. Gbé páànù gbígbẹ kaná, iná tó kéré, da ìyẹ̀fun sí i, máa rò ó láìdúró, má fi sílẹ̀ lọ gbé fóònù o, títí òórùn dídùn á fi gba ilé tí àwọ̀ ẹ̀ á sì pọ́n díẹ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Yọ́ epo pupa lórí iná díẹ̀, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, má jẹ́ kó pọ́n jù. Fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ ìwọ̀nba sínú ìyẹ̀fun, wá máa da epo sí i díẹ̀díẹ̀, máa fọwọ́ pò ó. Bí ife epo kan ló máa gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ ni kó sọ fún ẹ: tó o bá bù ú tó o fún un, tó dì mọ́ra tí kò tú ká, ó ti tó. Fi ewé eéran wẹ́wẹ́ pọ́n ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kó o fi ìdérí ike tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú lo máa ṣe é, kì í bàjẹ́.

Kí ìyálọ́jà ẹ gbé igbá tàbí àtẹ, kó to àádùn sí i pẹ̀lú gúgúrú, ẹ̀pà, kókóró àti róbó díẹ̀ tó o bá rí rà, kó máa kiri ẹ̀ nínú eré wọn. Oúnjẹ àti eré ti di ọ̀kan.

Ìyàwó Táílọ̀, Ṣakí
Màmá, lọ́dọ̀ tiwa a máa ń fi ṣúgà sí àádùn o.

Ìyá Ìjẹ̀bú
Fún ọmọdé, fi ṣúgà sí i, mi ò bá ẹ jà. Ata ni kó o dín kù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: tí mo bá ń fi alẹ́ ká ìlẹ̀kẹ̀ kàlẹ́ńdà, kí la máa jẹ? Iná mànàmáná níhìn-ín, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, fíríìjì mi ti di kọ́bọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Àkúrẹ́
Ọ̀rọ̀ tèmi rè é. Ọjọ́ Sátidé lọ sí Bódìjà kí oòrùn tó mú, ra tàtàṣé, ata rodo, tòmátò àti àlùbọ́sà tó máa tó ọjọ́ mẹ́ta. Lọ gbogbo ẹ̀, sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ pátápátá, kó o tó da òróró sí i. Din ín títí òróró á fi jáde léréfèé. Má fi ẹran sí i! Ẹran ló ń jẹ́ kó tètè kan. Pín in sí abọ́ kéékèèké onídèérí, abọ́ kan fún alẹ́ kan, kí ṣíbí tó tutù má wọ ibẹ̀. Láìsí fíríìjì, gbé abọ́ tó kù kaná kó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni kó o gbẹ́kẹ̀ lé e fún, má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà kó o tún din òmíràn. Ẹyin, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́, ohunkóhun tó o bá rí lálẹ́ yẹn lo máa jù sínú tiẹ̀.

Ẹ̀wà máa ń jẹ gáàsì, àbí? Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15, pa gáàsì, dé e pa, má ṣí i rárá. Lọ wẹ àwọn ọmọ, lọ wo iṣẹ́ àmúrelé wọn, lọ ká ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, tan iná padà, á yà ẹ́ lẹ́nu bó ṣe máa tètè rọ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó jinná, da àgbàdo tútù tó o ti sè sí i, epo, edé, àdàlù ti délẹ̀. Oṣù karùn-ún nìyí, àgbàdo ti ń dé, kò ní wọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á fi jẹun àárọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ.

Má jẹ́ kí ìrẹsì tó o ti sè sùn síta mọ́jú láìsí fíríìjì. Mo rí ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọdé ní wọ́ọ̀dù.

Ìyá Wálé, Òṣogbo
Kí n fi ọ̀kan kún un. Kí ẹ̀gbọ́n ìbejì yẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, já ewédú kẹ́ ẹ tó dé. Kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà, ewédú ti wà nínú omi. Ìjábẹ̀ ló kù. Àmàlà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ̀yin èèyàn mi! Àná ni wọ́n ṣe é, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì òkìríkà, kútẹ́ẹ̀sì, gọ́ọ̀mù, òwú àti gbogbo nǹkan àádùn, owó ẹ̀ ò pé 9,000 náírà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlẹ̀kẹ̀ gba alẹ́ márùn-ún, kì í ṣe mẹ́ta, torí Kẹ́hìndé tú ogún àkọ́kọ́ tó ká, ó ní wọn ò rí bákan náà, ó fẹ́ kí olorì wọ èyí tó dọ́gba. Mo jẹ́ kó ṣe é bó ṣe fẹ́. Ìrùkẹ̀rẹ̀ àpò ìrẹsì yẹn, tíṣà gbà á lọ́wọ́ Táíwò láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí níbi tí mo ti rà á. Ewé akòkò, ìyá àgbà kan ní Òkè-Àdó ló já a fún mi, ó sì gbàdúrà sórí ọmọ yẹn kó tó fún mi. Bàbá wọn kọ́ ọ ní oríkì lórí fóònù títí káàdì tán, nígbà tó sì kì í níwájú gbogbo èèyàn, kò ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan.

Àádùn tán kó tó kan àwọn kíláàsì tó wà lẹ́yìn, àwọn òbí méjì ti ní kí n ṣe é fáwọn. Ìró ò bọ́ o, Ìyá Wálé! Gèlè mi ti padà sínú àpótí láìní àbàwọ́n kankan.

Mo ti ra ewùrà kan sílé fún Sátidé, mo fẹ́ dán ìkọ́kọrẹ́ wò fún wọn. Ìyá Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi omi sí i tí mo bá ti rin ín tán?

Ìyá Ìjẹ̀bú
Rárá o, má fi omi kankan sí i! Iyọ̀ díẹ̀ ni. Jẹ́ kí ọbẹ̀ ata ẹ hó kutukutu pẹ̀lú epo àti ẹja gbígbẹ, wá máa fi ọwọ́ bu ewùrà sí i ní kókó kókó, dé e, dín iná kù, má rò ó kó tó dì. Tó o bá ti rí i pé ó ti dì, fi ṣíbí igi yí i díẹ̀, kí kókó ẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀. Fọ́tò ẹ̀ ni kó o gbé síbí ní Sátidé, mò ń retí ẹ̀.